Iná Tó Feérú Bojú Kò Tíì Kú

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá títì, tí rédíò yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru. Ẹ̀yin gan-an ló wà lọ́kàn mi nígbà tí mo ń múra ọ̀rọ̀ tòní, nítorí pé ọ̀rọ̀ iná ni.

Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àgbò ti ń ké lẹ́yìnkùlé. Ẹni tí kò bá pa àgbò, aládùúgbò á bù fún un. Kí ni ọ̀pọ̀ wa máa fi ẹran náà ṣe? A ó yan án. Àwọn kan á sun àsun bíi tàwọn ará Oǹdó. Àwọn kan á gún un mọ́ igi bíi ti alásùúyà. Èédú á jó. Gáàsì á jó.

Ẹ wá gbọ́ ìbéèrè mi. Iná tí ẹ fẹ́ fi yan ẹran yẹn, báwo ló ṣe gbóná tó?

Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ wo àdògán tó wà níwájú yín. Eérú ti bo èédú inú rẹ̀. Kò sí ọwọ́ iná. Kò sí ariwo. Kò sí èéfín kan lọ títí. Ṣé iná yẹn gbóná?

Ó gbóná o. Ó gbóná ju bí ẹ ti rò lọ. Bó bá jẹ́ gbólóhùn kan péré lẹ máa gbọ́ lẹ́nu mi lónìí, kó jẹ́ èyí: afẹ́fẹ́ ni ọ̀gá èédú. Afẹ́fẹ́ tí ẹ bá fún un ló máa sọ bó ṣe máa gbóná tó. Afẹ́fẹ́ tí ẹ bá fi dù ú ló sì máa sọ ọ́ di ewu. Màá tún un sọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀gá èédú.

Àwọn àgbà ní, bí iná bá kú, a feérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń dípò òbí ni wọ́n ń fi òwe yìí sọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bó bá kan èédú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eérú wọn ikú iná. Iná tó feérú bojú kò tíì kú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀, nítorí ooru ní àwọ̀. Bí irin bá wà nínú iná, á kọ́kọ́ dúdú bó ṣe wà. Nígbà tó bá yá, á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Bí iná bá tún ràn sí i, á pupa fòò. Lẹ́yìn náà á di àwọ̀ ọsàn, á sì tún fẹ́ di yẹ́lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni èédú. Ohunkóhun tí ooru bá ti mú pọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú òkùnkùn nìkan la ti lè rí i, ó ti tó nǹkan bí dígírì 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi tó ń hó, tó lè bó ọmọ lára, dígírì 100 péré ni.

Ṣé ẹ wá rí ohun tó ń tàn wá jẹ? Ní ọ̀sán gangan, ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í jẹ́ ká rí pípọ́n èédú. Eérú nìkan la ń rí. Ọmọdé tó ń sáré kọjá á rò pé ó ti tutù. Àgbàlagbà pàápàá á fẹ́ fi ọwọ́ tún un tò. Ẹ gbé àdògán kan náà sínú òkùnkùn, ẹ ó rí i pé inú rẹ̀ pupa fòò. Ooru rẹ̀ kò yí padà. Ojú wa ni kò rí i.

Níbo ni èédú ti ń wá gan-an? Púpọ̀ nínú èyí tí à ń rà ní Ìbàdàn àti Èkó, Òkè-Ògùn ló ti ń wá, láti agbègbè Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Ẹni tó ń sun èédú á gé igi, á tò ó jọ gègèrè. Á fi koríko àti ewé bò ó. Á da iyẹ̀pẹ̀ lé e, á wá fi ihò kéékèèké sílẹ̀. Á tanná bọ̀ ọ́. Iná á máa jẹ igi náà lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Kí ló dé tí igi náà kò jó di eérú pátápátá? Afẹ́fẹ́ ò tó o ni. Omi inú igi á jáde. Ohun tó ń di èéfín á jáde. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni èédú. Ìdí nìyí tí èédú kì í fi í rú èéfín bíi ti igi. Ìdí nìyí tí kì í fi í ní ọwọ́ iná gíga. Inú igbó ló ti fi èéfín rẹ̀ sí kó tó wọ inú àpò. Igi tó le bí àyìn ló ń di èédú tó wúwo, tó ń pẹ́ lórí iná. Wọ́n ń gé igi òrí náà mọ́ ọn, ìyẹn sì ń dùn mí gan-an, torí igi òrí kì í yára dàgbà, òun náà ló sì ń fún àwọn ìyá wa lábúlé ní òrí tí wọ́n ń tà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi du igi ló sọ ọ́ di èédú. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá dá afẹ́fẹ́ náà padà fún un.

Ẹ lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ. Èédú kan náà tí ẹ fi ń sun àgbàdo ni alágbẹ̀dẹ fi ń rọ ọkọ́ àti àdá. Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ yín? Ẹwìrì ni. Bí ọmọṣẹ́ bá ti ń fi ẹwìrì fẹ́ná, èédú á kọjá dígírì 1,000. Irin á rọ̀. Alágbẹ̀dẹ á lù ú bó ṣe wù ú.

Àwọn baba ńlá wa sì ṣe ju ìyẹn lọ. Ní Ìsundunrin, nítòsí Ẹjìgbò, wọ́n fi amọ̀ mọ ìléru. Wọ́n kó èédú àti òkúta tí irin wà nínú rẹ̀ sínú ìléru náà. Wọ́n fi ojú sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Irin ló jáde. Lọ́dún 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy gbé àkọsílẹ̀ jáde nípa irú ilé ìyọ́rin bẹ́ẹ̀ nítòsí Ọ̀yọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀. Kò sí gáàsì. Èédú àti afẹ́fẹ́ àti ọgbọ́n orí ni. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń sọ ọ́.

Abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ yín, ìyá oníbọ̀ọ̀lì, ẹwìrì kékeré ni. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ wo bí èédú ṣe ń lajú. Bí ìjì bá sì ń jà, àdògán tí ẹ gbé síta kò nílò abẹ̀bẹ̀ mọ́. Iná náà á máa ga láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò wa, dígírì 660 ló ti ń yọ́. Bí omi bá wà nínú ìkòkò, kò sí wàhálà, omi á máa dáàbò bò ó. Bí omi bá gbẹ tán, tí ẹ gbàgbé rẹ̀ sórí èédú tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ìdí ìkòkò lè yọ́ sínú iná. Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi? Ìkòkò o.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò yín, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ iná tí a fi ń yan ẹran là ń sọ, iná èédú àti iná gáàsì. Ohun tí mo ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé èédú gbóná ju bó ṣe rí lójú lọ, àti pé afẹ́fẹ́ ni ọ̀gá rẹ̀.

Ẹnìkan á ní, “Gáàsì ni mo ń lò ní tèmi. Nínú àwọn méjèèjì, èwo ló gbóná jù?”

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Bó bá jẹ́ ti ọwọ́ iná fúnra rẹ̀, gáàsì ló gbóná jù. Iná gáàsì tó ń jó dáadáa, tó ní àwọ̀ búlúù, ó súnmọ́ dígírì 2,000. Èédú inú àdògán tí a kò fẹ́, kì í sábà dé ìdajì ìyẹn. Bí iná gáàsì yín bá ń pọ́n tó ń di yẹ́lò, tó ń fi dúdú kun ìdí ìkòkò, kò rí afẹ́fẹ́ tó nìyẹn. Òun náà fẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ nu ojú rẹ̀, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ó dáa. Bí gáàsì bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹran orí èédú fi ń tètè pọ́n? Kí ló dé tí ojú rẹ̀ fi máa ń gbẹ, tó máa ń ta sánsán?

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ooru gáàsì, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Á gòkè, á dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tútù, á sì fọ́n ká. Ṣùgbọ́n èédú tó pọ́n, ńṣe ló ń ta ooru jáde sí gbogbo ẹ̀gbẹ́, bí oòrùn ọ̀sán ṣe ń jó wa lójú láìfọwọ́ kàn wá. Ẹ rántí bí àwọn alásùúyà ní òkè Ọya ṣe máa ń to igi ẹran yí iná ká. Ẹran kò sí lórí iná. Ẹ̀gbẹ́ iná ló wà, lóròó. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń lọ sókè, kò yà sọ́dọ̀ ẹran náà. Síbẹ̀ ẹran ń yan. Ooru tí èédú ń ta jáde ló ń yan án.

Ohun kejì ni omi. Nígbà tí gáàsì bá ń jó, omi wà lára ohun tó ń bá iná rẹ̀ jáde. Ṣé ẹ fẹ́ ẹ̀rí? Ẹ gbé ìkòkò tútù sórí iná gáàsì, kí ẹ tètè wo ìdí rẹ̀. Ẹ ó rí i tó ń làágùn. Èédú kò ní omi bẹ́ẹ̀, ó ti fi omi rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀ l’Ókè-Ògùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹran tí ojú rẹ̀ tutù kì í pọ́n. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà lójú ẹran, ojú ẹran kò ní kọjá dígírì 100. Ó dìgbà tó bá gbẹ, tó bá gòkè dé nǹkan bí dígírì 140, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kí òórùn tó ń pe aládùúgbò tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Nítorí náà, èédú ni o, gáàsì ni o, ẹ kọ́kọ́ nu omi ojú ẹran kúrò. Òórùn iná tí ẹ sì ń gbọ́ lára ẹran orí èédú, ọ̀rá tó ń kán sórí iná ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹran tí kò lọ́ràá kì í ta sánsán tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní London àti Houston, tí wọ́n ń gbọ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kú àjò o. Mo mọ̀ pé ààrò gáàsì onídèérí ni ọ̀pọ̀ yín ń gbé sẹ́yìnkùlé bí ooru bá dé. Aago kan máa ń wà lára ìdérí rẹ̀ tó ń ka ooru. Bó bá ka 300, ẹ má gba ìyẹn gẹ́gẹ́ bí ooru ibi tí ẹran sùn lé. Afẹ́fẹ́ abẹ́ ìdérí ló ń kà. Irin tí ẹran wà lórí rẹ̀ lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ààrò gáàsì kan wà náà tí iná wọn ń mú àwo amọ̀ pọ́n, kí àwo náà tó wá máa ta ooru sí ẹran. Ìyẹn ń yan ẹran bíi ti èédú.

Ní tèmi, ẹran Iléyá, èédú ni, ní gbangba ìta. Ẹni tó bá ń gbé yàrá kan lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí kò ní àgbàlá, gáàsì ni kó lò, kó ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé iná ti tó? Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ yín sókè iná, níbi tí ẹran máa wà. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ wá máa kà á díẹ̀díẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ẹ bá ní láti fa ọwọ́ yọ kí ẹ tó dé ẹ̀ta, iná yẹn le. Ẹran pẹlẹbẹ tí kò ní pẹ́ ló wà fún. Bí ẹ bá lè kà á dé ẹ̀fà, ó dára fún itan adìyẹ àti ẹja ńlá, ohun tí inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jinná kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó jó. Àwọn ìyá wa tó ń yan ẹja àrọ̀ ti mọ èyí tipẹ́. Ọwọ́ wọn ni òṣùwọ̀n wọn.

Ẹ má sì tẹ́ èédú ká gbogbo inú ààrò. Ẹ kó o sí apá kan, kí ẹ dá apá kejì sí. Bí ọ̀rá bá kán, tí iná sọ, ẹ fa ẹran náà sí apá tí kò ní èédú. Ẹ má da omi sí i. Omi á mú ọ̀rá tó ń jó fò sókè, á sì gbé eérú gbígbóná lé yín lójú. Ibi tí ẹran bá ti jó di dúdú, ẹ gé e sọnù. Àwọn onímọ̀ ìlera ti kìlọ̀ pé àwọn èròjà tó lè fa jẹjẹrẹ máa ń wà nínú ẹran tó jóná.

Fún títan iná, ẹ lo ògùṣọ̀, tàbí igi wẹ́wẹ́. Ẹ má fi ọ̀rá náílọ̀nù tanná oúnjẹ. Ẹ má sọ pẹtiróòlù sí i, mo bẹ̀ yín. Bó bá jẹ́ kẹrosíìnì lẹ fi tàn án, ẹ dúró kó jó tán, kí eérú bo èédú, kí ẹ tó gbé ẹran lé e.

Mo ti fẹ́ dé ibi tó ká mi lára jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí rédíò yín sókè díẹ̀. Ẹ pe àwọn ọmọ.

Mo ní afẹ́fẹ́ ni ọ̀gá èédú. Bí ó bá rí afẹ́fẹ́, á gbóná. Bí kò bá rí i tó, ńkọ́? Á ṣì máa jó, ṣùgbọ́n á máa tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní àwọ̀. Kò ní òórùn. Kì í ta èèyàn lójú. Kì í mú èèyàn húkọ́. Bí ẹ bá ń mí i símú, á wọnú ẹ̀jẹ̀, á gba ipò afẹ́fẹ́ rere tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ gbé kiri ara. Orí á máa fọ́ èèyàn. Òòyì á máa kọ́ ọ. Èébì á máa gbé e. Ara á rọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti sùn kò ní mọ ìkankan nínú wọn. Kò ní jí.

Èéfín igi máa ń lé èèyàn síta. Èédú kì í lé ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà.

Ẹ sọ fún mi, ta ló ń gbé àdògán wọlé? Ẹni tí òjò ká mọ́ ìdí ẹran ni. Á ní, “Ẹ jẹ́ n gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀.” Ẹni tí òtútù ọyẹ́ ń mú ni. Á ní, “Èédú tó ṣẹ́kù yìí, ó lè mú yàrá móoru fún àwọn ọmọ.” Ẹni tó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù ni, tí kò fẹ́ kí wọ́n jí àdògán rẹ̀ gbé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó lọ pàgọ́ sínú igbó ni. Wọ́n á yan ẹran tán, wọ́n á gbé ààrò wọ inú àgọ́. Gbogbo wọn rò pé iná ti kú. Ó feérú bojú ni.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nílé wa, ilẹ̀ á mọ́, ìdílé kan kò ní jí, àdúgbò á sì máa wá ẹni tó ṣe wọ́n. Wọ́n á ní ayé ni. Wọ́n á ní májèlé wà nínú oúnjẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo igun yàrá. Ẹ wò ó bóyá àdògán wà níbẹ̀.

Fèrèsé tí ẹ ṣí díẹ̀ kò tó. Ìlẹ̀kùn tí ẹ ṣí sílẹ̀ gbayawu kò tó. Èédú tó ń jó, tàbí tó ń kú lọ, kò gbọ́dọ̀ bá èèyàn sùn nínú yàrá. Bí ẹ bá wà níbi tí èédú ti ń jó, tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má wá oògùn orí fífọ́. Ẹ kó gbogbo ilé síta sínú afẹ́fẹ́. Ẹ gbé ẹni tó rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé èédú ń jó níbẹ̀.

Bí ẹ bá yan ẹran tán, ìta ni kí àdògán sùn. Bó bá ní ìdérí, ẹ dé e pa, kí ẹ dí ojú afẹ́fẹ́ rẹ̀, kó kú fúnra rẹ̀. Ẹ fi eérú sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó dà á nù. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ dà á, ẹ fi omi rìn ín dáadáa, kí ẹ fi igi rò ó, kí ẹ tún fi omi rìn ín. Ẹ má dà á sínú ike. Ẹ má dà á sí ẹ̀bá koríko gbígbẹ. Ẹ má dà á sójú ọ̀nà tí ọmọ ń gbà láìwọ bàtà.

Ọ̀pọ̀ yín ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi mí nípa sílíńdà gáàsì, bí a ṣe ń mọ èyí tó ti gbó, àti ibi tó yẹ kó dúró sí nínú ilé. Òun la ó gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní àkókò yìí kan náà. Bí sílíńdà yín bá ń rùn báyìí, ẹ má dúró dè mí. Ẹ tì í pa, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, kí ẹ jáde síta. Ó dìgbà náà o.